Fọ́tò Ẹbí Wa: Ká Má Jẹ̀ẹ́ Kí Orí Ẹni Ìpẹ̀kun Wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Fọ́tò ńlá tí gbogbo wa máa ń yà pa pọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí a bá jẹun tán ní pikiniki ọdọọdún.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi wá léèrè pé kí ló dé tí a fi ń pariwo okùn àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà láti ìjẹta, nígbà tí fóònù wà lápò gbogbo èèyàn. Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká ròyìn rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwa gan-an la ṣe àṣìṣe tó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa ni wọ́n fa kámẹ́rà lé lọ́wọ́. Èèyàn 76 ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà, lábẹ́ igi páìnì. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù, ibẹ̀ ò sì láyè tí èèyàn lè fẹ̀yìn rìn jìnnà. Ni a bá lọ ra lẹ́ǹsì fífẹ̀ kan, mílímítà 17. A tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta gbọnrangandan, a sún mọ́ wọn, a tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn wọlé pátá! Inú wa dùn bí ẹni pé a jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ sì mọ bí a ṣe máa ń tò. Àwọn àgbà á jókòó láàárín, àwọn tó pẹ́ dé á há ara wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Màmá kan nínú wa, tó yẹ kó jókòó láàárín gan-an, kò dìde tètè torí ó ń fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Nígbà tí ó máa fi dé, àga ti kún. A ní kí wọ́n dìde fún un, ó ní rárá, ẹ jẹ́ ó jókòó, ẹ̀gbẹ́ tó òun. Ó dúró sí ìpẹ̀kun apá òsì pẹ̀lú ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Màmá papòdà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá wa pé àwọn fẹ́ fọ́tò tí àwọn máa tẹ̀ sí iwájú ìwé ìsìnkú. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́. A ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, a gé Màmá nìkan jáde, a fẹ̀ ẹ́. Háà! Orí rẹ̀ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀yìn ṣíbí. Orí ọmọ tó gbé dání pàápàá wọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí a ń wo èèyàn 76 lẹ́ẹ̀kan náà. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wò ó títí, ó ní, "Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n èyí ò jọ Màmá mi." Fọ́tò páśpọ́ọ̀tù àtijọ́ kan, tí Màmá dijú mọ́rí nínú rẹ̀, ni wọ́n padà lò.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, àwa la mú kámẹ́rà dání, orí ọmọ wọ́, ti àgbà náà sì wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí kàwé lórí rẹ̀.

KÍ LÓ FÀ Á?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan, ẹ tàn án sí ògiri ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí róbótó. Ẹ wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Róbótó yẹn á di ẹyin adìẹ, á gùn sápá kan. Tọ́ọ̀ṣì náà ni, ògiri náà ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń dà gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú kámẹ́rà. Pẹrẹsẹ ni fíìmù, pẹrẹsẹ náà sì ni ohun tí wọ́n ń pè ní sensor, tó dípò fíìmù lóde òní. Ẹni tó wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wọlé ní tààrà. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun, tirẹ̀ ń dà wọlé, orí rẹ̀ á sì fẹ̀. Lẹ́ǹsì ò bàjẹ́ o, ẹni tó tà á ò rẹ́ wa jẹ. Bí lẹ́ǹsì fífẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ìṣirò la ń jẹ, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ìṣirò. Ká ní àwọn èèyàn tò ní ìlà gbọnrangandan, tí orí ẹni àárín sì jẹ́ 100 ní fífẹ̀. Lórí kámẹ́rà tí ojú fíìmù rẹ̀ jẹ́ mílímítà 24 sí 36, orí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun pátápátá á jẹ́ nǹkan bí 106 pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 35, á di 112. Pẹ̀lú 28, á di 119. Pẹ̀lú 20, ó di 135. Lẹ́ǹsì 17 tiwa ńkọ́? 146! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì orí kún orí Màmá. Kò sí ẹni tó máa yẹ ìwé owó wò tí kò ní í rí irú àlékún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́ǹsì 0.5 tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù tún fẹ̀ ju ti wa lọ. Fóònù mìíràn ń gbìyànjú láti tún ojú èèyàn ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀rọ̀ kí fọ́tò jọ èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílẹ̀ wa. Ní 1978, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé bí àgbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: á kọjú síwájú gan-an, á tẹ́ aṣọ rẹ̀ dáadáa, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí itan. Gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ hàn. Jíjọra lohun tí wọ́n ń wá. Ẹ bi ara yín, ṣé irú àgbà bẹ́ẹ̀ la wá fẹ́ fẹ orí rẹ̀ bí bàlúù?

ỌGBỌ́N ÀWỌN ARÁ TEXAS

Nígbà tí a ń wá ojútùú, a rí i pé ìpínlẹ̀ tí a ń gbé gan-an ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Epo rọ̀bì ló sọ Humble di ìlú tí gbogbo ayé mọ̀, láti 1905. Orúkọ ìlú yìí ni ilé-iṣẹ́ Humble Oil tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911 ń jẹ́, òun ló wà lára ohun tó padà di Exxon. (Ẹ sì mọ̀ pé àwọn onílé ibí ń gbé H rẹ̀ mì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé wa kan ṣe ń gbé e mì!) Láyé ìgbà náà, tí èèyàn bá fẹ́ ya pápá epo, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tàbí gbogbo ọmọ ilé-ìwé kan, kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cirkut. Ọdún 1904 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ ẹni tó ṣe é, Kodak sì wà lára àwọn tó ṣe é tà títí di nǹkan bí 1949.

Kámẹ́rà yìí kì í fẹ ojú. Ṣe ló ń yí ọrùn. Wọ́n á gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wa wáyà rẹ̀ bí aago, á wá bẹ̀rẹ̀ sí yí láti òsì sí ọ̀tún jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń yí ni fíìmù inú rẹ̀ ń sáré kọjá lẹ́yìn ihò tóóró kan. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ìgbàkúùgbà, ẹni tí kámẹ́rà ń wò ló wà láàárín. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ ìpẹ̀kun mọ́! Àwọn ọmọ ilé-ìwé alágídí á sì dúró lápá òsì, wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn kámẹ́rà lọ sápá ọ̀tún kó tó dé ibẹ̀, wọ́n á wà lẹ́ẹ̀mejì nínú fọ́tò kan.

Ọ̀gá wọn nínú iṣẹ́ yìí ní Texas ni Eugene Goldbeck ti San Antonio, tí wọ́n bí ní 1892, tó sì kú ní 1986. Ní 1947 ó to ọmọ ogun òfuurufú 21,765 pọ̀ ní Lackland fún fọ́tò kan ṣoṣo. Àwọn fọ́tò rẹ̀ wà ní Harry Ransom Center ní Austin. Ohun tí a kọ́ lára àwọn ayàwòrán Cirkut ni èyí: bí kámẹ́rà bá ń yí, tí èèyàn sì tò ní ìlà gbọnrangandan, ẹni àárín á tóbi, ẹni ẹ̀gbẹ́ á kéré torí ó jìnnà. Nítorí náà, wọ́n ń tẹ ìlà bí ọ̀já òṣùpá, kí gbogbo èèyàn lè jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà. Nínú fọ́tò, ìlà tó tẹ̀ yẹn á jáde gbọnrangandan.

KÁMẸ́RÀ WO LÓ YẸ KÁ RÀ?

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ "panorama" lára kámẹ́rà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí fọ́tò gbọọrọ ti àwọn ọdún 1990. Ní 1989 Kodak gbé kámẹ́rà alẹ̀kan-sọnù kan jáde tí wọ́n ń pè ní Stretch 35. Ní 1996 wọ́n gbé fíìmù APS dé, tó ní bọ́tìnnì P fún fọ́tò gbọọrọ. Ká sòótọ́, àwọn wọ̀nyí kò rí ju bí lẹ́ǹsì wọn ṣe rí lọ. Wọ́n kàn ń gé òkè àti ìsàlẹ̀ fọ́tò dànù ni. Bí ẹni gé ìsàlẹ̀ àti òkè búrẹ́dì kó lè dà bí ẹni pé ó gùn.

Àwọn tó ń rí jìnnà lóòótọ́ wà. Widelux tí àwọn ará Japan ṣe ní lẹ́ǹsì tó ń yí fúnra rẹ̀. Jeff Bridges òṣèré fíìmù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Horizon ti Rọ́ṣíà ń rí dígírì 120. Noblex ti Jámánì wà bákan náà. Hasselblad XPan, tó jáde ní 1998, kì í yí ní tirẹ̀, ojú fíìmù rẹ̀ ló gùn: mílímítà 24 sí 65. Fíìmù tó ń ya 36 lára kámẹ́rà wa yòókù, 21 péré ló ń ya níbẹ̀. Wọ́n dáa, ṣùgbọ́n àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n wọ́n gan-an, tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, ìṣòro ni láti rí ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ẹ bá bi akápò, a ò ní í fọwọ́ sí i.

Èyí tí a fọwọ́ sí ni kí a fi kámẹ́rà lásán ya fọ́tò mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí kọ̀ǹpútà wá rán wọn pọ̀. Hugin ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Photoshop náà ń ṣe é. Àwa Yorùbá kì í sì í ṣe àjòjì nídìí rẹ̀. Sprague ròyìn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Àwọn bàbá wa ti ń rán fọ́tò kí kọ̀ǹpútà tó dé.

LẸ́ǸSÌ ÀTIJỌ́ LÓRÍ KÁMẸ́RÀ TUNTUN

Ẹ̀yin tí ẹ ní lẹ́ǹsì àtijọ́ nínú àpótí, ẹ má jù ú nù. Lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù tó. Ti Nikon àtijọ́ jẹ́ mílímítà 46.5. Ti kámẹ́rà Sony tí kò ní dígí nínú jẹ́ 18. Ẹ yọ 18 kúrò nínú 46.5, ó ku 28.5. Irin róbótó tí wọ́n ń pè ní adapter, tó nípọn tó 28.5, ló máa dí àlàfo náà, gbogbo rẹ̀ á sì bára mu. Kì í ṣeé ṣe ní òdìkejì: lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún 18 kò lè rí ọ̀ọ́kán kedere lórí kámẹ́rà tó fẹ́ 46.5, torí èèyàn ò lè fi adapter dín jíjìnnà kù.

Ẹ tún wo bí sensor ṣe tóbi tó. Bí ó bá kéré, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, ẹ fi 1.5 sọ lẹ́ǹsì di púpọ̀. Lẹ́ǹsì 28 á máa ríran bí 42. Ẹlòmíì á ní a pàdánù fífẹ̀ rẹ̀. Fún iṣẹ́ tiwa, èrè ni! Àárín lẹ́ǹsì, níbi tó dáa jù, nìkan ló ń lò, orí èèyàn kì í sì í wọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ kì í dá ohunkóhun yí padà fúnra rẹ̀, ọwọ́ lẹ fi ń yí i, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn: kí fọ́tò kìíní àti ìkẹyìn má yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n àwọn dígí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì kó lè fẹ̀ sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí wọn. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ni wọ́n máa ń bàjẹ́ jù, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an la sì ń wá ọ̀nà àtigbà là.

IṢẸ́ OKÙN

A wá dé orí okùn tí ẹ ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ká ní èèyàn 25 wà ní ìlà kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ bàtà 2: ìlà náà á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50. A so okùn ẹsẹ̀ bàtà 24 mọ́ ìdí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, a fà á le, a ń rìn yípo, a sì ń fi ìyẹ̀fun sàmì sílẹ̀ koríko. Ibi àmì yẹn ni ẹni iwájú á jókòó sí. Ẹsẹ̀ bàtà 50 lórí òbírí yẹn gba nǹkan bí dígírì 120. Àwọn ìlà ẹ̀yìn á tò tẹ̀ lé wọn.

A gbé kámẹ́rà dúró lóòró, kì í ṣe ní ìbú. Lẹ́ǹsì 50 tó dúró lóòró ń rí dígírì 27. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta gun orí èkejì rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tí á ti rán an. Nípa bẹ́ẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń fi dígírì 18 kún un. Fọ́tò 7 ló máa ká dígírì 120. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì 28 ni, fọ́tò 4 á tó. Àwa fẹ́ 7, torí orí èèyàn níye lórí ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Nǹkan mẹ́ta la ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Èkíní, ẹ ti ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti ibi tí lẹ́ǹsì ń wò pa lójú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, iwájú lẹ́ǹsì ni kí kámẹ́rà máa yí lé lórí, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà, kì í sì í ṣe ìbàdí ẹni tó mú un. Ẹ di ojú kan, ẹ na ìka síwájú, ẹ yí orí: ẹ ó rí i tí ìka ń sá kúrò níwájú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé igi méjì kalẹ̀, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n bo ara wọn. Bí ẹ bá yí kámẹ́rà tí wọ́n ya, ẹ fà á sẹ́yìn tàbí síwájú títí wọn ò fi ní í ya mọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má mira títí fọ́tò keje á fi parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rí ọwọ́ mẹ́ta lára ẹnì kan.

Fóònù náà ní panorama tirẹ̀, ti iPhone wà láti 2012, òkùnrùn òbírí kan náà ló sì dáa fún un. Ẹ ṣáà ti fi ọ̀já òṣùpá tò, kí ẹ sì yí i jẹ́jẹ́ ní ojú kan.

BÓ ṢE RÍ LẸ́YÌN RẸ̀

Lọ́dún tó kọjá a fi ọ̀nà yìí ya gbogbo wa. A ò ra kámẹ́rà tuntun. Kámẹ́rà tó wà nílẹ̀ ni, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa gbé ti Ìbàdàn bọ̀, àti adapter kan. Àwọn tó pẹ́ dé ṣì há ara wọn sí ìpẹ̀kun gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé gbọọrọ, a gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wa.

Ẹ mọ̀ pé ojú ara rẹ̀ lẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ máa ń wá. Àbígbẹ̀yìn Màmá náà wá. Kò wo ojú ara rẹ̀. Apá òsì ló gbà lọ, ní ìpẹ̀kun, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró sí. Ọmọ náà ti dàgbà, òun ni Màmá gbé dání lọ́jọ́sí. Ìyá ọmọ fi ìka kan orí rẹ̀ lára ìwé náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó jọ Màmá." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà ò sì fèsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, nígbà tí ẹ bá dé pápá lọ́dún yìí tí ẹ rí okùn àti ìyẹ̀fun nílẹ̀, ẹ má bínú, ẹ kàn jókòó sórí àmì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé. Bí àgbà kan bá sì ní ẹ̀gbẹ́ tó òun, kò séwu mọ́, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Kí Ẹlẹ́dàá dá gbogbo wa sí láti yà á lọ́dún mìíràn. Ó dìgbà kan ná o.